Òjìji Ọkọ̀ Kan ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú iṣẹ́. Mo gbà pé ara yín le. Tí ara yín ò bá le, Ìyá Kékeré ì bá ti kọ̀wé sí mi, kò sì ní fi omijé kọ ọ́.

Ẹ bèèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ẹ ní ṣé mo padà di apẹja ni, lẹ́yìn gbogbo ariwo tí mo pa pé mi ò ní fọwọ́ kan àwọ̀n láyé mi. Rárá o. Àmọ́ ẹja kan wà tí à ń fà káàkiri. Irin ni. Ó gùn tó èmi fúnra mi, ó ní ìrù, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní ẹja. Wáyà gígùn la fi so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. A ó jù ú sómi, a ó máa rọra fà á lọ nítòsí ilẹ̀ òkun. Bó ṣe ń lọ ló ń ké sọ́tùn-ún sósì. Igbe rẹ̀ á kan ilẹ̀, á padà wá. Tó bá kan òkúta tàbí irin, ó máa ń padà wá kíkankíkan. Tó bá kan ẹrẹ̀, díẹ̀ ló ń padà. Kọ̀ǹpútà á wá kó gbogbo igbe tó padà jọ, á fi ya àwòrán ilẹ̀ òkun sójú gíláàsì fún wa.

À ń lọ, à ń bọ̀, bí ẹni ń kọ ebè. Tí a bá dé ìparí ìlà kan, a ó yí, a ó mú èyí tó tẹ̀ lé e, a ó sì jẹ́ kí etí ìlà méjèèjì gun ara wọn díẹ̀ kí ibì kankan má baà ṣẹ́ kù. Máàpù tuntun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n máa pín in fún gbogbo èbúté kí ọkọ̀ àti àwọ̀n lè mọ ibi tí wọ́n á yà fún. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Kó tó di ìgbà òjò, a máa dé omi tó wà níwájú ilé wa. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wà nínú omi yẹn, òun àti ọkọ̀ tí ẹ kàn fún un. Ìwé kẹta ni mo wà nígbà yẹn, ẹ sì mọ̀ pé mo ti nà tó ọmọ mẹ́rin nítorí wọ́n sọ pé pákó tí ẹ so pọ̀ ló ṣí tí ọkọ̀ fi pín sí méjì, tí òun àti àwọn méjì tó bá a lọ fi kú. Láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ ọkọ̀ wá bá yín mọ́. Àpótí ìjókòó àti ilẹ̀kùn lẹ̀ ń tún ṣe. Ẹ ò sọ nǹkan kan rí. Ìyá Kékeré, ìyàwó rẹ̀, ń bú yín láti ojú fèrèsé, ẹ̀yin ń kí i "ẹ káàárọ̀".

Apá ibo ló dorí ọkọ̀ kọ lọ́jọ́ náà? Ìyẹn nìkan ni mò ń bèèrè.

Èmi Alágídí yín.

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Alágídí ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kí ọ, mo kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, mo sì kí ẹja yín tí kò ṣeé sè.

Mo ka ohun tí o kọ nípa igbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá yé mi. Ohun tí mo máa ń ṣe sí pákó náà ni. Tí wọ́n bá gbé pákó wá, mo máa fi ìka kàn án látòkè délẹ̀, màá tẹ́tí sí i. Ibi tó bá dún kó, ó dára. Ibi tó bá dún bùù, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ń kan ilẹ̀kùn òkun, ẹ ń gbọ́ ohun tó wà nínú ilé. Mo sọ ọ́ fún alágbẹ̀dẹ, ó ní irọ́ lò ń pa, pé ẹja lásán lò ń pa tójú ń tì ọ́ láti sọ.

Òrùlé abẹ́ páànù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti ń jò ní igun kan. Mo ti gbé tábìlì kúrò níbẹ̀. Tóo bá rí bébà tí a fi ń họ pákó níbi tóo wà, èyí tó rí múlọ́múlọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ò tíì họ nǹkan kó tó ya.

Ní ti ohun tí o bèèrè, iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún ni kí o ṣe. Ṣé wọ́n ní kí o máa wá àbúrò bàbá rẹ ni?

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mo ti fi bébà náà ránṣẹ́.

Ẹ ò dá mi lóhùn nípa apá ibi tó lọ, kò sì burú. A ò nílò rẹ̀ mọ́. A ti dé omi ilé. Tí afẹ́fẹ́ bá mọ́, mo máa ń rí ilé ìṣọ́ èbúté láti ìdí ọkọ̀, ó kéré bí orí ìṣó.

Yàrá tí a ti ń wo àwòrán ò ní fèrèsé. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Èmi jókòó sí ọ̀kan, ọ̀gá mi jókòó sí èkejì. Obìnrin ni. Ìyá Òjìji là ń pè é, nítorí kì í wo nǹkan, òjìji nǹkan ló máa ń wò. Ó ní ibi tí igbe ẹja ò bá lè dé lẹ́yìn nǹkan ló máa ń dúdú, bí òjìji igi lójú ọ̀sán, pé nǹkan lè purọ́ nípa bó ṣe rí àmọ́ òjìji rẹ̀ á tú u fó. Láti ara gígùn òjìji ló fi ń mọ bí nǹkan ṣe ga tó. Mo ti rí i tó fi òjìji wọn òkúta kan tí kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ.

Lánàá, bí a ṣe ń fa ẹja lọ, ìgbì ńlá kan gbá wa. Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ kan jáde lójú gíláàsì. Mo dá a mọ̀ kí Ìyá Òjìji tó sọ̀rọ̀. Iwájú rẹ̀ gbé orí sókè bí ẹni ń yọjú wo ọ̀nà, kò sì sẹ́lòmíràn tó ń kan ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ létí omi wa àfi ẹ̀yin.

Bàbá, ó pín sí méjì. Àárín gan-an ló ti pín. Iwájú wà lọ́tọ̀, ìdí wà lọ́tọ̀, àlàfo dúdú wà láàárín wọn. Mi ò fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ọmọ tí mo nà, mo jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀.

Inú ò bí mi sí yín. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó lè yẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá mi ṣì lẹ jẹ́, ẹni tó bá bú yín níwájú mi, màá dá a lóhùn. Àmọ́ mi ò ní lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́.

Alágídí yín.

*

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Karùn-ún

Alágídí,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ó pẹ́ kí n tó fèsì nítorí mo kọ́kọ́ kọ ọ̀kan tí mo fà ya.

Ọkọ̀ mi ò pín.

Fetí sílẹ̀. Pákó méjì ni mo so pọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn lóòótọ́, torí igi tí mo rí kò gùn tó. Mo dá wọn lẹ́nu ní ìdàgẹ̀rẹ̀, mo fi ọ̀kan lé èkejì, ó gùn tó apá mi láti èjìká dé ìka. Mo fi ọ̀dà kùn ún, mo fi ìṣó bàbà kàn án, mo tún ìdí ìṣó náà tẹ̀ sínú. Ìdí ọkọ̀ ni ibẹ̀ wà, lábẹ́ ibi tí atukọ̀ ń jókòó sí. Kì í ṣe àárín. Òdidi igi kan ṣoṣo ló gba àárín kọjá. Ìwọ lo kọ ọ́ pé àárín gan-an ló ti pín. Tí ìsopọ̀ mi bá ṣí, ìdí ni ì bá já.

Pákó tó léfòó wá sétí omi tí gbogbo ayé fi ń nàka sí mi, pákó ìjókòó ni. Mi ò kan ìṣó mọ́ ọn rí. Wọ́n máa ń yọ ọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́n omi.

Yálà ẹ̀rọ yín ń purọ́ tàbí o ò mọ̀ ọ́n kà. Padà lọ síbẹ̀. Wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ìbínú. Mo ti padà lọ wò ó.

Mo gbé lẹ́tà yín lọ fún Ìyá Òjìji. Mo ka ibi ìsopọ̀ fún un. Ó fa àwòrán tọjọ́ yẹn yọ, ó fi kálámù tọ́ka sí ilẹ̀ tó yí ọkọ̀ ká. Ó ní, "Wo ilẹ̀ náà. Ṣé òun náà pín ni?" Mo wò ó. Lóòótọ́, ìlà kan tó wà nínú iyanrìn já níbi tí ọkọ̀ ti já, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ṣe yẹ̀. Ó ní ìgbì tó gbá wa ló já wáyà gbà, ẹja fò, ojú rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tó fi máa balẹ̀, ó ti sún sí apá kan. Ó ní òun ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà látọjọ́ yẹn pé kí a tún ibẹ̀ gbà. Ó wá wò mí, ó ní, "Ìwọ ti sáré lọ sọ fún ará ilé, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Òpè."

A tún un gbà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nígbà tí omi rọ̀. Bàbá, òdidi ni. Ó jókòó lórí ìdí rẹ̀ bí ẹni ń sinmi, ẹrẹ̀ bò ó dé ìdajì. Òjìji rẹ̀ gbà láti ìdí lọ sí iwájú láìdá níbì kankan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Mo kọ ohun tí mi ò tíì mọ̀.

Àmọ́ nǹkan míì wà níbẹ̀. Okùn àti àwọ̀n ńlá tó ń wọ́ ilẹ̀ nà láti ìdí ọkọ̀ lọ sára òkúta ńlá kan, ó sì há síbẹ̀. Ilẹ̀ òkúta nìyẹn, tí gbogbo apẹja wa ti ń sọ láti kékeré pé kí ẹnikẹ́ni má wọ́ àwọ̀n débẹ̀. Bàbá Kékeré ló wọ́ ọ débẹ̀. Àwọ̀n há, ẹ̀rọ ọkọ̀ ń fà á síwájú, òkúta ń dá a dúró, ó sì fa ìdí ọkọ̀ wọmi. Kì í ṣe pákó yín.

Mo máa tẹ àwòrán náà ní ńlá. Mo máa kàn án mọ́ ara ògiri èbúté fúnra mi, níbi tí gbogbo wọn á ti rí i. Ìyá Kékeré ló máa kọ́kọ́ rí i.

Alágídí yín.

*

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje

Ọmọ mi,

O ò gbọdọ̀ kàn án mọ́ ibì kankan.

Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń kó àwọ̀n ńlá náà sínú ọkọ̀. Mo ní, "Ibo lò ń gbé ìyẹn lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kan ọkọ̀ tẹ́ ẹ ò lè wọ̀ ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa ibi tí ẹja wà?" Àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé ẹ̀yìn wa ni wọ́n, wọn ò tíì gbéyàwó.

Nígbà tí wọn ò padà wá, tí pákó ìjókòó léfòó, ẹnì kan pariwo pé ọkọ̀ ti fọ́. Mo ti la ẹnu láti fèsì. Mo wo ìyàwó àbúrò mi. Oyún wà nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ń fà á láṣọ. Àwọn òbí àwọn ọmọ méjèèjì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Tí mo bá sọ pé ọkọ rẹ̀ ló kó ọmọ wọn lọ sí ilẹ̀ òkúta, ibo ni yóò gbé? Ẹnu ọ̀nà wọn ló ń gbà lọ pọnmi. Mo pa ẹnu dé. Èmi ní ọwọ́ méjì, mo lè kan ilẹ̀kùn jẹun.

Ìgbà tí o kọ̀wé pé ọkọ̀ pín, mi ò lè gbà á. Kí àwọn ará ìta sọ ọ́, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni mi ò fẹ́ kó gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣejù. Ó ti tó báyìí. Ìwọ ti mọ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Yọ ibẹ̀ kúrò nínú máàpù yín. Òkun tóbi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bàbá rẹ.

*

Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì kọ̀.

Mi ò ní kàn án mọ́ ògiri, nítorí ẹ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní yọ ọ́ kúrò nínú máàpù. Àwọ̀n yẹn ṣì nà sókè níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Àwọ̀n ẹlòmíràn tó bá kọjá níbẹ̀, yóò há mọ́ ọn. Wọn ò bẹ̀rù ibẹ̀ bíi tàtijọ́ mọ́, mo rí ọkọ̀ méjì tó gba etí ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tá a wà níbẹ̀. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n bú obìnrin kan, mo gbọ́. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí obìnrin mìíràn máa dúró létí omi ni?

Mo ti kọ ọ́ báyìí: ọkọ̀ apẹja, òdidi, àwọ̀n há mọ́ òkúta. Ìyá Òjìji ti fọwọ́ sí i. Máàpù máa dé èbúté tí òjò bá dá, ẹni tó bá mọ̀wé kà lè kà á síta.

Mo fi àwòrán kékeré kan sínú lẹ́tà yìí. Ẹ mú un lọ bá Ìyá Kékeré kí máàpù tó dé. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún un, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́jà.

Ẹ máa sọ pé alágídí ni mí. Mi ò rà á lọ́jà. Inú ilé wa ni mo ti rí i.

Ọmọ yín.

*

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkọ̀ wa ti wọ èbúté lẹ́ẹ̀mejì, mo lọ wo àpótí lẹ́tà, òfìfo ni. Akọ̀wé tó ń pín lẹ́tà ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìyàwó mi ti já mi sílẹ̀.

Ṣé ẹ fún un? Tí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ọ́ síwèé.

Alágídí.

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹsàn-án

Ìwọ ọmọ yìí,

Mi ò kí ọ. Èmi ìyàwó Bàbá Kékeré rẹ ni mò ń kọ̀wé yìí, ọmọ mi àgbà ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ní kó má ṣe dín nǹkan kan kù.

Bàbá rẹ gbé bébà dúdú kan wá bá mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni jalè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní kí n má bínú. Kí n má bínú sí kí ni? Ṣé èmi ni mo ní kó máa gbèjà mi? Láti ọdún wọ̀nyí, èmi ń jí, mo ń bú aláìṣẹ̀. Mo gégùn-ún fún ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi má gba omi mu nílé rẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń kí mi káàárọ̀! Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí n di ìkà, kí òun lè jẹ́ èèyàn rere.

Èmi mọ ibi tí ọkọ mi ń lọ lọ́jọ́ náà. Ó sọ fún mi. Mo ní kó má lọ, ó lọ. Àmọ́ nígbà tí gbogbo wọn ní pákó ni, mo gbà pé pákó ni, nítorí ó rọrùn fún mi láti bá ẹni tó wà láàyè jà. Ká ní bàbá rẹ sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá ti sunkún tán.

Mo ti lọ bá àwọn ará ilé ẹ̀yìn fúnra mi. Mo sọ fún wọn kí máàpù yín tó wá sọ ọ́. Ìyá ọ̀kan sọkún, bàbá èkejì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Má fèsì.

*

Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá

Alágídí mi,

Mo mọ̀ pé o ti ń retí lẹ́tà. Mi ò bínú. Mi ò mọ ohun tí màá kọ ni.

Mo fún un. Ó gbé àwòrán náà dojú kodò, mo bá a yí i padà. Ó bèèrè èwo ni ọkọ̀, èwo ni òjìji. Mo fi hàn án. Lẹ́yìn náà ó lé mi jáde, mo gbọ́ pé ó sì kọ̀wé sí ọ. Kò bú mi láti ojú fèrèsé mọ́. Kò kí mi náà. Ilé pa rọ́rọ́, mo ń fetí sílẹ̀ láàárọ̀ bóyá yóò bú mi.

Máàpù ti dé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri èbúté. Alágbẹ̀dẹ lọ kà á, ó padà wá dúró ti tábìlì mi, ó fi ọwọ́ họ orí, ó ní, "Òdidi ni wọ́n kọ síbẹ̀ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní irú bébà wo ni mo fi ń họ pákó tó ń dán báyìí. Bó ṣe tọrọ àforíjì nìyẹn.

Bàbá tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó àbúrò mi ò tíì bá ẹnì kankan nínú wa sọ̀rọ̀.

Lánàá, ìyàwó àbúrò mi wọlé wá sábẹ́ páànù. Kò kí mi. Ó fa àpótí tí mò ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó jókòó lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

Ó ní, "Ọmọ mi fẹ́ lọ ra ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ omi."

Mo ní, "Wọ́n ń kàn án dáadáa."

Ó ní, "Ṣé mo bèèrè ìyẹn ni? Èyí tí kò fọ́ yẹn, ṣé ẹ ṣì lè kan irú rẹ̀?"

Mo ní ó ti pẹ́. Mo ní ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n.

Ó ní, "Ọwọ́ tó ń kan ilẹ̀kùn ní ìdájí tí n kì í rójú sùn? Ẹ má pa irọ́ fún mi mọ́. Èyí tẹ́ ẹ pa ti tó."

Mo ní tí ọmọ náà bá wá gbé e lọ sí ilẹ̀ òkúta ńkọ́?

Ó ní, "Máàpù yẹn ni màá ká, màá fi nà án lórí." Ó dìde, ó lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí àwa ọkùnrin ilé yìí máa lanu sọ̀rọ̀.

Mo ti rí igi. Ó gùn dáadáa, mi ò ní so nǹkan kan pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fi ìka kàn án látòkè délẹ̀, kó ló ń dún. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀pá tí mo fi ń wọn bí iwájú ọkọ̀ ṣe ń gbé orí sókè, mo ti fi dáná lọ́dún tí wọn ò gbé iṣẹ́ wá mọ́. Mo ti gbìyànjú láti rántí rẹ̀. Ọwọ́ mi sọ ibì kan, ojú mi sọ ibòmíràn.

O sọ pé ọ̀gá rẹ lè mọ bí nǹkan ṣe ga tó láti ara òjìji rẹ̀. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó wo òjìji ọkọ̀ mi, kó sọ fún mi bí iwájú rẹ̀ ṣe ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ.

Má fojú bù ú o, Alágídí. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Bàbá rẹ, akankọ̀.